Wọ́n Ní Bàbá Ń Sùn

Ìṣẹ́gun, 7 October. Harburg, ní Hamburg

Òjò láti àárọ̀. Mo ra ìwé yìí nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin S-Bahn, torí Professor Elias ní ẹni tó bá ń parí Doktorarbeit, ìwé oyè ọ̀mọ̀wé, gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò máa da ìdọ̀tí orí rẹ̀ sí. Ó dáa. Ìdọ̀tí àkọ́kọ́ rèé: ó ti ka orí kẹta mi, ó ní ó dára gan-an, kí n lọ tún un kọ. Bí nǹkan tó dára gan-an ṣe tún ń nílò àtúnkọ, kí Ọlọ́run là mí lóye.

Orí kẹta ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ bí àwa Yorùbá tó wà ní Germany ṣe ń túfọ̀ fún ara wa: bí òbí èèyàn bá kú nílé, bí a ṣe ń fi pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ tó wà níbí, irọ́ tí a ń kọ́kọ́ pa, irọ́ tó ń tẹ̀lé e, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àgbà yóò kóra jọ sí pálọ̀ onítọ̀hún tí wọ́n á sọ ọ́ fún un bó ṣe yẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀, láti Billbrook ní Hamburg dé Gesundbrunnen ní Berlin. Ohun tí mo ń sọ nínú ìwé náà kò le: pé irọ́ yẹn kì í ṣe irọ́, àánú ni. Kí November tó parí, mo gbọ́dọ̀ ti fi í sílẹ̀ fún yunifásítì.

Sọ́ńdè, 12 October

Mo bá Bàbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìṣẹ́yìn ṣe dáadáa lónìí. Bàbá bi mí pé ṣé mo ṣì ń kọ ìwé òkú yẹn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, kò sí nǹkan tí wọn kì í sọ lórúkọ. Mo ní kì í ṣe ìwé òkú, ìwé nípa ìfẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

Wọ́n ní, "Èmi o, Fàthíà, bí tèmi bá dé, kí wọ́n má fi ṣe bòńkẹ́lẹ́ o. Kí wọ́n pè ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí o rí nǹkan fi parí ìwé ẹ."

Mo ní kí wọ́n yéé sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣebí èmi ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba Germany kí n tó sọ̀rọ̀ ikú, àwọn ń sọ tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, mo wá ń bínú. Kò sẹ́ni tó ń bá Bàbá jiyàn kó borí.

Mo pe Yusrah àbúrò mi lẹ́yìn náà, ní Berlin. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Èyí tó ṣáájú bàjẹ́ lára rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tún ń ru báyìí, nítorí náà dókítà ní kó máa dùbúlẹ̀, kó má ronú, kó má jẹ iyọ̀. Mùyídéènì ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì, ló ń dáná. Yusrah ní ọbẹ̀ ọkùnrin náà dà bí omi tí wọ́n fi ṣan àwo. Mo rẹ́rìn-ín débi pé aládùúgbò mi ń gbá ògiri.

Sọ́ńdè, 19 October

Fóònù Bàbá ò lọ. Mo pe Bádárù, àbúrò wa ọkùnrin tó ń bá wọn gbé nílé. Ó ní fóònù Bàbá bọ́ sómi. Mo ní kó gbé tiẹ̀ fún wọn. Ó ní Bàbá ń sùn.

Ọjọ́rú, 22 October

Mo tún pè. Bàbá ń sùn. Àgbà ti ń dé sí wọn.

Alhaja Fàúsátù wá kí mi nígbà tí wọ́n ṣíwọ́ níbi iṣẹ́ wọn ní Billbrook, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Àwọn ni ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wa. Àwọn náà ni wọ́n máa ń rán bí wọ́n bá fẹ́ túfọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Hamburg, ìdajì orí kẹta mi ló ti ẹnu wọn jáde. Wọ́n gbé kúlà mọ́ínmọ́ín ńlá kan wá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun. Wọ́n ní mo ti rù. Mo ní kí wọ́n wo sòkòtò mi dáadáa, kò sé mọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo gan-an ni màá fi ìwé náà sílẹ̀.

Àlàmísì, 23 October

Mo gbé mọ́ínmọ́ín Alhaja méjì lọ fún Elias ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn.

Jímọ̀, 24 October

Ní mọ́ṣáláṣí lónìí àwọn obìnrin sún mọ́ra wọn kí n lè ráàyè jókòó láàárín. Ìyá kan di ọwọ́ mi mú, wọ́n ṣàdúà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ta mí. Ọlọ́run á dúró tì mí, Ọlọ́run á fún mi lọ́kàn láti gba nǹkan. Mo ń ṣe àmín, orí mi ń wú. Mo ní ẹ wo iyì ìwé o. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ nípàdé ẹgbẹ́ nígbà ooru ló ṣì ń dùn mọ́ wọn: mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn ọmọ tí a bí síbí pè wọ́n lópùrọ́, pé ọ̀nà tí à ń gbà túfọ̀ sàn ju kí ọ̀rọ̀ ikú báni lórí WhatsApp nínú ọkọ̀ lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, wọ́n dìde dúró.

Sọ́ńdè, 26 October

Wọ́n dá aago padà ní wákàtí kan lónìí, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó jẹun ọ̀sán tán. Bádárù ní ojú ń dun Bàbá, wọ́n ti lọ rí dókítà ojú ní Ìbàdàn, ilé àbúrò wọn ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ wo fóònù. Mo ní kó bá mi kí wọn.

Mo sọ fún Yusrah, ó ní Bádárù ti sọ fún òun náà. A wá ń ro bí Bàbá ṣe máa dúró níwájú pátákó tí wọ́n fi ń dán ojú wò, tí wọ́n á máa bá dókítà jà pé lẹ́tà ti ìlà kẹta kò gún, pé ta ló kọ ìkọkúkọ báyìí. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Yusrah. Mo ní kó rọra, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 November

Orí kẹta parí. Mo ra iṣu kan ní ilé ìtajà àwọn ará wa ní Harburg, iye tí wọ́n tà á tó ti bàtà. Mo rà á, mo din ín, mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró.

Àlàmísì, 6 November. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Berlin sí Hamburg

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí orí mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni Kolloquium, ìpàdé tí a ti ń gbé iṣẹ́ wa yẹ̀ wò, bẹ̀rẹ̀ ní Berlin, èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ. A yí tábìlì ká, Elias jókòó síwájú mi. German mi ń já geere, inú mi ń dùn sí ara mi. Mo dé ibi tí mo ti ń ṣàlàyé bí irọ́ ṣe ń tẹ̀lé irọ́. Mo ní: lákọ̀ọ́kọ́, fóònù ẹni tó kú á bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, á máa sùn nígbàkígbà tí ọmọ rẹ̀ bá pè. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ní ó ti lọ gba ìtọ́jú nílùú mìíràn, nǹkan tí kì í pani, eyín, orúnkún, ojú. Ibi ojú yẹn lẹnu mi ti dúró.

Wọ́n rò pé German ló sá mọ́ mi lẹ́nu. Obìnrin kan fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó ní "Augen", ojú. Mo ní mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo yíjú sára ògiri níbi tí wọ́n tan ojú ìwé mi sí, ìlà tó kàn ń dúró dè mí: àgbà obìnrin kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá láìnídìí, yóò sì jókòó títí onítọ̀hún á fi jẹ ẹ́. Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi Fàthíà, tí mo mọ gbogbo ẹ̀ tán.

Mo wo Elias. Gbogbo àwọn yòókù ló ń wò mí, òun nìkan ló ń wo tábìlì.

Mo bá a ní kọ́rídọ̀. Mo ní, "Ṣé bàbá mi ti kú?"

Ó ní, "Fàthíà, èmi kọ́ ló tọ́ sí láti sọ ọ́."

Ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Alhaja Fàúsátù ló pè é láti oṣù tó kọjá, ọ̀sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, pé kó má sún ọjọ́ ìwé mi síwájú, kó má sì jẹ́ kí n gbọ́. Ó ní òun ò fẹ́ tẹ àṣà wa lójú ni òun fi gbà. Àṣà ta? Ta ló kọ́ ọ ní àṣà náà?

Ilé Yusrah ló yẹ kí n sùn lónìí. Mo pè é pé orí ń fọ́ mi, mo ń padà sílé. Ó ní kí n ra òògùn, kí n mu omi gbígbóná. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Òun náà ò mọ̀ pé òun ò ní bàbá mọ́.

Bàbá mi ti kú, Elias mọ̀ ṣáájú mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí i lójú.

Jímọ̀, 7 November

Bádárù ò tètè gbé fóònù. Nígbà tó gbé e, mo ní, "Ọjọ́ wo?" Kò bi mí pé ọjọ́ kí ni. Ó ní, "Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Wọ́n kírun tán ni, Àǹtí mi. Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní."

Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí mo bá wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n ti sin wọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe fídáù wọn gan-an ni èmi àti Yusrah ń fi dókítà ojú ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo Ìṣẹ́yìn jókòó síwájú ilé wa, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ṣàdúà, èmi ọmọ ń rẹ́rìn-ín ní Harburg.

Mo sọ ohun tí Bàbá fúnra wọn sọ fún mi, pé kí wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. Bádárù ní wọ́n sọ ọ́ fún òun náà, òun rò pé wọ́n ń ṣeré ni, àwọn àgbà ìdílé sì ti pàṣẹ. Mo ní, "Bádárù, ìwọ lo wẹ̀ wọ́n, o kó wọn wọ ibojì, o jáde, o gbé fóònù, o wá sọ fún mi pé wọ́n ń sùn." Mo gbọ́ tó ń gbé ẹkún mì. Mo pa fóònù. Mi ò tíì sunkún. Inú ń bí mi débi pé ẹkún ò ráyè.

Sátidé, 8 November

Alhaja Fàúsátù kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́. Elias ti pè wọ́n. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n rọra gbé kúlà náà sórí pátákó bàtà.

Mo jẹ́ kí wọ́n jókòó, torí mo ní ẹ̀kọ́ ilé. Lẹ́yìn ìyẹn mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo ní mo ti jókòó síwájú yín pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùn, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é fún àwọn ẹlòmíì fún mi, ẹ wá dìde, ẹ ṣe é fún èmi gan-an. Mo ní ẹ jókòó sí àga yìí, ẹ ń wò mí jẹun bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Mo ní mo kà á sí oore lásán, oúnjẹ òkú bàbá mi ni.

Alhaja gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Ìwọ lo dúró níwájú wa, Fàthíà. Ìwọ lo ní àánú ni. A ní ṣebí òun ló kọ ìwé ẹ̀, ó máa yé e ju ẹnikẹ́ni lọ."

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé ẹnu mi ni wọ́n fi mú mi.

Wọ́n wá sọ ètò náà fún mi. Èmi, lẹ́yìn tí mo bá fi ìwé sílẹ̀. Yusrah, lẹ́yìn tó bá bímọ, tara rẹ̀ bá le. Alhaja fúnra wọn ló máa lọ sí Berlin fún ti Yusrah, Mùyídéènì ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọkọ rẹ̀ tí ó ń se ọbẹ̀ aláìníyọ̀, tí ó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo ní màá sọ fún Yusrah. Mo ní ohun tí ẹ ṣe fún mi, mi ò ní ṣe é fún àbúrò mi, mi ò ní wo ojú rẹ̀ kí n purọ́ fún un. Alhaja kúnlẹ̀. Àgbàlagbà tó lè bí mi kúnlẹ̀ sórí káńpẹ́ẹ̀tì mi, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ní kí n ro ti oyún tó bàjẹ́ yẹn. Mi ò tètè gbé wọn dìde. Kí Ọlọ́run foríjì mí, ó tù mí lára díẹ̀ láti rí wọn nílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 11 November

Elias po tíì fún mi. Ó bẹ̀ mí, ó sì bẹ̀ mí dáadáa, ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kò pọn dandan, àmọ́ tí mo bá lè kọ àfikún kan sẹ́yìn ìwé náà nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kò sí ìwé irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ wa yìí. Ó ní òun ti ń kọ díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tí òun ti mọ̀, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa Bàbá, bí mo ṣe ń rìn láàárín wọn láìmọ̀. Bí mo bá gbà nìkan ni òun máa lò ó.

Mo bi í pé ṣé mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀. Ó mọ irú oúnjẹ tó jẹ́, ó ti ka orí kẹta mi, ó wá fi ṣíbí gé e wẹ́wẹ́, ó ní ó dùn.

Doktorvater ni wọ́n ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ni sọ́nà níbí, bàbá ìwé ẹni. Mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn láti ọjọ́ yìí. Bádárù purọ́ fún mi, ó sì ń gbé ẹkún mì. Alhaja purọ́ fún mi, wọ́n sì ń ṣíwọ́ iṣẹ́ kí wọ́n tó wá dáná fún mi. Eléyìí ò purọ́ rárá. Ó kàn ń wò mí ni. Mo gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀, mo jáde, mi ò pàlẹ̀kùn dé.

Ọjọ́rú, 12 November

Mùyídéènì pè. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí kí n má sọ fún Yusrah, ó dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tó rí i pé mi ò gbọ́, ó ní bí nǹkan bá ṣe oyún náà, ọrùn mi ló wà. Mo ní kó fi ọrùn mi sílẹ̀, kó lọ wá iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo já a kúrò lórí ìlà.

Kò pẹ́ tí Yusrah fi ohùn ránṣẹ́ pé kí ni òun máa ní kí wọ́n sè dè mí ní Sátidé.

Sátidé, 15 November. Gesundbrunnen

Mo fi gbogbo ọ̀nà kọ́ gbólóhùn náà. "Yusrah, jókòó, ọ̀rọ̀ Bàbá ni." Ọkọ̀ pẹ́ ní Spandau, mo tún kọ́ ọ. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu bí àdúà kí n tó dé Berlin. Mo gba iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù àwọn Turkey kọjá, mo ra èso pọmegíránéètì fún un, ó fẹ́ràn ẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn, tí wọ́n ní kó máa dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bọ̀ọ̀. Lórí àga pálọ̀ ni òfì tuntun kan wà ní kíká, èyí tí Bàbá ní kí wọ́n hun ní Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní August pé òun ni kí wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Mùyídéènì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di aṣọ ìnuwọ́ mú, ó ń wò mí bí ẹni tí ọlọ́pàá wá kó lẹ́rù.

Yusrah jókòó. Kí n tó ya ẹnu, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ti bá Bàbá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo gbé ojú kúrò, mo wo ikùn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá ń sùn nígbà tí mo pè."

Bẹ́ẹ̀ ló jáde. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí mi lórí. Gbogbo ọ̀nà láti Hamburg, gbólóhùn mìíràn ni mo kó wá.

Yusrah wò mí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi." Ó gbé orí lé itan mi, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, ó ní kí n bá òun wo orí òun, ó ń yún òun. Mo ń ya irun rẹ̀, mo ń bú ara mi nínú. Mùyídéènì wá bá mi nílé ìdáná lẹ́yìn náà, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun dúpẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n da ọbẹ̀ rẹ̀ sí i lórí. Mo ti di ọ̀kan lára wọn, ẹni tó ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, 17 November

Mo pa "àánú" rẹ́ nínú orí kẹta. Mo kọ "ìwà ọ̀dàlẹ̀". Ní ìrọ̀lẹ́ mo dá "àánú" padà. Mo tún pa á rẹ́.

Jímọ̀, 21 November

Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mi ò kọ àfikún kankan, mo sì kọ̀wé sí Elias pé mi ò gbà, kó pa gbogbo ohun tó kọ nípa mi rẹ́. Ọ̀rọ̀ "àánú" ṣì wà níbẹ̀, mo fi kún un pé ẹni tí wọ́n bá ṣàánú rẹ̀ báyìí lè má dárí jini. Àwọn olùdánwò á bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ mi.

Òjò dídì díẹ̀ rọ̀, kò dúró nílẹ̀. Obìnrin ọ́fíìsì lu ìwé náà lóǹtẹ̀, ó ní mo kú oríire. Mo yọ fóònù láti ya fọ́tò rẹ̀ fún Bàbá. Mo ti tẹ orúkọ wọn kí n tó rántí. Orí àtẹ̀gùn níbẹ̀ ni mo ti sunkún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Alhaja pè pé àwọn àgbà fẹ́ wá lọ́la wá túfọ̀ fún mi bó ṣe yẹ, pé bí mo tiẹ̀ ti mọ̀, ó yẹ kí ẹnìkan jókòó tì mí. Mo ní kí wọ́n má wá.

Sátidé, 22 November

Wọn ò wá. Ilé dákẹ́.

Sọ́ńdè, 23 November. Berlin, ilé ìwòsàn

Yusrah ti bímọ. Ọkùnrin. Wọ́n ní láti là á kíákíá torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sókè, àmọ́ àwọn méjèèjì wà láyọ̀. Alihamudulilahi.

Mùyídéènì pàdé mi ní kọ́rídọ̀, ó ti sunkún, ó ti rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ wú. Ó dì mí mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ jẹ́ kí a sọmọ lórúkọ ná. Kí Alhaja wá. Bíi ọ̀sẹ̀ méjì sí i." Mo ní mo ti gbọ́. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ẹ̀.

A wọlé. Wọ́n ti fi òfì Bàbá wé ọmọ náà lórí aṣọ ilé ìwòsàn, imú rẹ̀ nìkan ló yọ, irun kún orí rẹ̀ fọ́fọ́. Ojú Yusrah funfun, ètè rẹ̀ gbẹ. Agbẹ̀bí wọlé pẹ̀lú bírò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó béèrè ní German pé ṣé ọmọ ti lórúkọ. Mùyídéènì ti ń ṣàlàyé pé rárá, nílé wa ó di ọjọ́ kẹjọ.

Yusrah ní, "Ó ti lórúkọ. Babátúndé."

Agbẹ̀bí ní kó pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Yusrah rọra ń pè é, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Èmi àti Mùyídéènì dúró síbẹ̀, a ń gbọ́ ọ. Nígbà tó pè é tán agbẹ̀bí ní orúkọ náà rẹwà, ó jáde lọ.

Mùyídéènì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ni mo bi Yusrah pé ta ló sọ fún un.

Ó ní kò sẹ́ni tó sọ. Ó ní láàárọ̀ Sátidé tí Bàbá kú òun gbọ́ Mùyídéènì ní báluwẹ̀, ó ṣí omi kí òun má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀, ó ń pe orúkọ Bàbá lórí fóònù. Ó ní òun dùbúlẹ̀ padà, òun gbé ọwọ́ lé ikùn, òun bẹ ọmọ náà pé kó má lọ.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ padà lórí ìdúró. Dókítà ojú. Omi tó bọ́ lójú rẹ̀ tí mo ní kó rọra. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Mo ní, "Yusrah. Ìwọ náà."

Ó ní, "Ẹ ò tíì fi ìwé yín sílẹ̀ nígbà náà, Àǹtí mi. Mo rò pé ẹ ò mọ̀. Nígbà tí ẹ ní wọ́n ń sùn, tí ẹ ò lè wo ojú mi, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ ti mọ̀." Ó ní, "Ó dùn mọ́ mi pé mi ò dá nìkan mọ̀ ọ́n mọ́."

Mi ò lè bínú sí i níbẹ̀, pẹ̀lú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ lára rẹ̀, àmọ́ mò ń bínú, mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa purọ́ fún ìwé yìí náà. Gbogbo ayé ló mọ̀ ju èmi tó ń kọ ìwé rẹ̀ lọ. Aboyún tí wọ́n ní kó má ronú ló ń gbé òkú Bàbá pamọ́ fún èmi tí nǹkan kan ò ṣe.

Fóònù mi dún, Bádárù ni. A ò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó ní Mùyídéènì ti fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ṣé ọkùnrin ni lóòótọ́. Ó tún yára fi kún un, bó ṣe ti mọ́ ọn lára, pé bí Yusrah bá béèrè, kí n ní Bàbá ń sùn.

Mo yí fóònù sí ojú ọmọ náà nínú òfì. Mo ní, "Bádárù, kí Babátúndé."

Lẹ́yìn ìyẹn mo gbọ́ ẹkún rẹ̀, èyí tó ti ń gbé mì láti Sátidé yẹn, ó ń bọ̀ láti ilé wa ní Ìṣẹ́yìn. Mi ò ní kó dákẹ́. Mi ò sì pa fóònù. Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín wa, ká lè gbọ́ ọ dáadáa.